Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ọ̀rọ̀ Nípa Àyẹ̀wò ADHD fún Ẹni tí ó ti Dàgbà

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti kékeré wa ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, a sì ti pa á fún ẹlòmíràn nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọdún 2024, nígbà tí àwọn oníṣègùn ní ìlú London ní kí àbúrò wa obìnrin kan, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìgbà tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọn lè mọ ìdí rẹ̀ tí ohun kékeré fi ń ṣòro fún un láti ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyá rẹ̀, ó kan àwa tí a ń kọ ìwé yìí, a sì gbàgbọ́ pé ó kan ilé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kà á. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rò ó fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pẹ̀lú àṣẹ àbúrò wa náà, ẹni tí ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí a má fi ohun mìíràn pamọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni obìnrin yìí. Ó kàwé, ó yege, ó sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ kan ní London, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú ilé rẹ̀ yóò rí ohun tí ó ya ni lẹ́nu. Owó iná mànàmáná wà ní báńkì, ìwé tí a fi ń bèèrè owó náà wà lórí tábìlì, síbẹ̀ kò ní san án títí ìwé kejì yóò fi dé pẹ̀lú owó ìtanràn. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó lọ wá bàtà ọmọ nínú yàrá, ó rí aṣọ tí a kò tíì ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ, ó rí lẹ́tà kan lábẹ́ aṣọ, ó jókòó láti kà á. Òórùn ẹ̀wà tí ó ń jó ni ó pè é padà sí ilé ìdáná. Ó ní ìwé ìrántí mẹ́ta kí ó má baà gbàgbé nǹkan, ó sì gbàgbé ibi tí ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú, òun a máa gbé e wá sílé, a sì máa ṣe é di ọ̀gànjọ́ òru kí ọ̀gá má baà mọ̀. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, a máa já lu ọ̀rọ̀ náà kí ó tó parí, àwọn ènìyàn a sì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ túbọ̀ rú ni lójú ni pé, bí iṣẹ́ kan bá wù ú gidigidi, a máa jókòó tì í láti àṣálẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ láìrántí oúnjẹ. Èyí ni àwọn ará ilé máa ń tọ́ka sí pé: “Ṣé ẹ rí i? Ó lè jókòó nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀lẹ ni, àìbìkítà ni.” Òun fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Orúkọ ohun tí ń ṣe é gùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè é, èyíinì ni ADHD. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a lè sọ pé ó jẹ́ àìlè pa ọkàn pọ̀ sójú kan bí ó ti yẹ, àti àìlè sinmi tàbí kó ara ẹni níjàánu. Ọ̀nà tí ọpọlọ ènìyàn ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó fà á, láti kékeré. Kì í ṣe pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìfọkànsí rárá. Ó dàbí ẹṣin tí ó lágbára, ṣùgbọ́n tí ìjánu rẹ̀ kò mú dáadáa, tí ó ń sáré lọ sí ibi tí koríko bá ti tutù, tí kì í sì í ṣe ibi tí ẹni tí ń gùn ún ń lọ. Àwọn amòye ṣírò pé bí ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó ní i. Ó sì jẹ́ ohun tí ó máa ń rìn nínú ìdílé, láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ.

Láti ara ọmọ ni àbúrò wa sì ti rí i. Ní ọdún 2021, olùkọ́ ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́jọ, pè é, ó sì wí fún un pé ọmọ náà kò lè jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò fún ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè nípa ọmọ náà, bí ó bá máa ń sọ nǹkan nù, bí ó bá máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, bí ó bá máa ń dàbí ẹni pé kò gbọ́ nígbà tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, àbúrò wa ní ó ṣe òun bí ẹni pé a ń ka ìwé ìgbésí ayé òun sókè. Ó dáhùn fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé kò lè sùn.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, èéṣe tí a kò fi mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn bí ìmọ̀ yìí ti dé. Ní ọdún 1798, oníṣègùn ará Scotland kan, Alexander Crichton, ti kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn kì í lè dúró lórí ohun kan. Ní ọdún 1902, George Frederic Still, oníṣègùn ọmọdé, sọ àsọyé mẹ́ta níwájú àwọn oníṣègùn ní London nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ní làákàyè ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Kí ẹ kíyè sí orúkọ tí ó fún un: ó pè é ní àbùkù níti ìkóra-ẹni-níjàánu sí ọ̀nà rere. Bí ọ̀mọ̀wé ńlá bẹ́ẹ̀ bá fi ojú ìwà wo ohun tí ó jẹ́ ti ara, kí ni kí a sọ nípa ìyá kan ní Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́?

Ní ọdún 1937, Charles Bradley ní Amẹ́ríkà fún ọgbọ̀n ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní oògùn tí ń ta ara jí, ó sì yà á lẹ́nu pé mẹ́rìnlá nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ ilé ìwé wọn dáadáa, wọ́n sì fara balẹ̀. Ní ọdún 1944 ni Leandro Panizzon ní Switzerland ṣe oògùn mìíràn, tí ó sì ti ara orúkọ ìyàwó rẹ̀ Rita sọ ọ́ ní Ritalin. A ṣì ń lo oògùn náà títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ nípa àrùn yìí sínú ìwé wọn ní ọdún 1968, àrùn ọmọdé ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní ó máa ń dínkù bí ọmọ bá ti ń bàlágà. Díẹ̀díẹ̀ ni a tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbé e dàgbà. Ní England, ọdún 2008 ni ìlànà ìjọba fún àwọn oníṣègùn tó sọ ọ́ gbangba pé kí a máa ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ fún àgbàlagbà pẹ̀lú. Àbúrò wa ti jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà.

Ohun kan tún wà. Ọmọkùnrin tí ń fo orí tábìlì ni olùkọ́ ń rí. Ọmọbìnrin tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ọkàn rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò lọ, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin púpọ̀ fi ń dé ogójì ọdún kí wọn tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí àyẹ̀wò náà ti rí, nítorí pé àwọn kan rò pé a ó kàn fi ẹ̀rọ wo orí ènìyàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tí ó lè sọ pé ẹnìkan ní ADHD. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni, àti ẹ̀rí. Ní England, ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa lọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2022. Dókítà náà fún un ní ìwé ìbéèrè méjìdínlógún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, èyí tí mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ wà láti fi yẹ ènìyàn wò kíákíá. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò tó láti dá ẹjọ́. Ó kàn ń fihàn pé ó yẹ kí a wádìí síwájú ni. Dókítà àdúgbò fúnra rẹ̀ kì í sábà sọ pé ó dájú. A ó rán ènìyàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Àbúrò wa dúró fún ọdún méjì kí ó tó kàn án. Àwọn mìíràn ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn tí ń bèèrè pọ̀ ju àwọn tí ń ṣe é lọ. Kò san owó, nítorí pé ọ̀nà ìjọba ni ó gbà. Ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀dọ̀ aládàáni yóò san owó tí kò kéré.

Nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i, wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọn yóò wá. Àmì mẹ́sàn-án wà níti àìlè pa ọkàn pọ̀, àmì mẹ́sàn-án sì wà níti àìlè sinmi àti ìwàǹwara. Láti ọdún 2013, ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà náà wí pé àmì márùn-ún ní apá kan tó fún ẹni tí ó bá ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, níbi tí ọmọdé ti gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà. Àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ hàn ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa dí ìgbésí ayé ẹni náà lọ́wọ́. Oníṣègùn gbọ́dọ̀ wò ó pẹ̀lú bóyá nǹkan mìíràn ni ó fà á, bí ìbànújẹ́ ọkàn, àníyàn, àìsùn, tàbí àìsàn ara mìíràn. Lórí gbogbo rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé nǹkan ní ọdún tí ó kọjá, ohun mìíràn ni ó ń ṣe é.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ẹlẹ́rìí tí ó mọ ènìyàn ní kékeré, àti ìwé èsì ilé ìwé bí ó bá wà. Ìyá àbúrò wa, ẹni tí ó jẹ́ àbúrò ìyá tiwa, wà ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì ti ta aṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún. Àwa ni a gba ìwé ìbéèrè náà lórí fóònù, tí a sì gbé e lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a lè máa kà á fún un ní èdè wa, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè èkínní ni bóyá ọmọ náà a máa gbàgbé ohun tí a bá rán an. Ìyá wa dáhùn pé: “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi gbọ́ràn.” Ìbéèrè kejì, ó ní rárá. Ìbéèrè kẹta, ó ní rárá. Nígbà tí a dé ìkẹfà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò wá, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé wèrè ni àwọn òyìnbó fẹ́ sọ pé ó wà nínú ìdílé wa? Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, ta ni yóò gbé ọmọ ọmọ mi níyàwó lọ́la?” Nígbà náà ni a mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

A gbé fóònù sílẹ̀. A ní: “Màmá, ẹ fi ara balẹ̀. Wèrè kọ́ ni wọ́n ń wí. Àrùn tí a ń gbé ní òru láìmọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ pè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìyìn bo ọmọ yín mọ́lẹ̀ lónìí, wọn yóò wí pé kò ní i ní kékeré, wọn yóò sì rán an lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ọdún méjì ni ó fi dúró.”

Kò fèsì. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ó bínú. Nígbà tí ó padà, ó gbé àpótí páànù kan lọ́wọ́. Ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìwé èsì ilé ìwé wọn, tí ó fi okùn dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n; ó kàn fi wọ́n pamọ́ nítorí pé ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. A mú ti ọdún 1991, nígbà tí àbúrò wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ọmọ náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n kì í parí iṣẹ́, a máa sọ pẹ́ńsùlù nù lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ kì í sì í sí nínú kíláàsì. Ti ọdún 1992 wí bẹ́ẹ̀. Ti ọdún 1993 wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, olùkọ́ mìíràn ni ó sì kọ ọ́. A túmọ̀ wọn fún ìyá wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ wọn tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún ìwé náà. “Mo rán an ní iyọ̀ ní ìsọ̀ tí kò ju ilé mẹ́ta sí tiwa lọ. Ó pẹ́ títí. Nígbà tí mo wá a dé ẹ̀bá ọ̀nà, mo bá a níbi tí ó ti ń wo ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò ra iyọ̀, kò mọ ibi tí owó wà. Mo nà án. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ó tún ṣe é, mo tún nà án. Mo wí nínú ara mi pé, ẹni tí a nà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí ohun kan ṣoṣo, kò ha yẹ kí ó rántí ní ìkọkànlá? Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni.” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ṣé ohun tí ìwọ ń sọ fún mi ni pé, kì í ṣe pé kò fẹ́, bí kò ṣe pé kò lè ṣe é?”

A kò lè dáhùn kíákíá, kì í sì í ṣe nítorí àánú ìyá wa nìkan. Ní ilé kan náà ni a ti tọ́ wa dàgbà, àwa sì ni a sọ àbúrò wa ní orúkọ ẹ̀sín, Agbàgbé-ohun-gbogbo, tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi ń pè é. Òun a máa rẹ́rìn-ín bí a bá pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn ni a tó mọ̀ pé ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín.

A padà sí ìbéèrè èkínní. Ìyá wa dáhùn gbogbo wọn pẹ̀lú òtítọ́, a sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí.

Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ gba bíi wákàtí méjì, lórí kọ̀ǹpútà, òun àti oníṣègùn náà ń wo ojú ara wọn. Oníṣègùn náà kò fi ohun tí ó gbọ́ mọ sí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí àbúrò wa bá sọ pé òun máa ń pẹ́, a ní kí ó sọ ìgbà tí ó pẹ́ kẹ́yìn àti ohun tí ó ti ibẹ̀ wá. Ó bèèrè nípa oorun rẹ̀, nípa ìbànújẹ́, nípa àìsàn mìíràn, nípa ikú bàbá rẹ̀. Ó ka ẹ̀rí ìyá wa àti àwọn ìwé èsì náà. Ní ìparí, ó sọ fún un pé àmì mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ni ó ní níti àìlè pa ọkàn pọ̀, àti mẹ́rin ní apá kejì, nítorí náà ADHD ni, ti irú tí àìlè pa ọkàn pọ̀ ga jù nínú rẹ̀. Àbúrò wa pè wá ní alẹ́ náà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sí orí àtẹ̀gùn, mo sì sunkún fún ọmọbìnrin tí ó sọ owó iyọ̀ nù.”

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìdájọ́ yìí ni òpin ọ̀rọ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù sí, wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, kí wọn tó fún un ní oògùn. Díẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi kún un ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Oògùn náà kì í ṣe èyí tí a ń pín fún aládùúgbò: òfin dè é gidigidi, ó lè dí oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́, ó sì léwu fún àwọn tí ọkàn wọn kò le. Ní apá ìparí ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n ní England, àwọn kan sì lọ láti ilé oògùn kan sí òmíràn nígbà náà kí wọn tó rí i. Níti ohun tí ó ṣe fún un, àbúrò wa wí pé: “Kò fún mi ní ọgbọ́n. Ó kàn jẹ́ kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn títí dé òpin kí n tó dáhùn ni.”

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Báńkì ń san owó iná fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Kọ́kọ́rọ́ ní ìkọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá gbé ìkòkò kaná, a fi agogo sí àpò. Ẹ̀wà ṣì jóná lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti jìyà púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí láìsọ, bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò ní máa tọrọ àforíjì mọ́ bí ó bá pẹ́, nígbà tí àrùn ti ní orúkọ. Ó dá a lóhùn pé: “Bí mo bá pẹ́, ẹ ti dúró dè mí. Mo ṣì jẹ yín ní ẹ̀bẹ̀.” A rò pé kò sí oníṣègùn tí ó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ náà ń ṣàlàyé. Kì í san gbèsè fún ni.

Ẹ̀yin òbí tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Èkínní, ẹ pa ìwé èsì ilé ìwé àwọn ọmọ yín mọ́, àti ti àwọn tí wọ́n ti lọ sí ìlú òyìnbó. Ìwé tí ó wà nínú àpótí yín lè jẹ́ ẹ̀rí tí oníṣègùn ń wá ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Èkejì, bí ọmọ yín tí ó ti dàgbà bá pè yín láti ọ̀nà jíjìn, tí ó sì bèèrè irú ọmọ tí òun jẹ́, ẹ má ṣe yìn ín nítorí ìtìjú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà nípa àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin níhìn-ín kí ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Gbogbo ènìyàn ni ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ba ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó lọ. Nílé níhìn-ín, àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní Yaba, ní Aro ní Abẹ́òkúta, àti ní UCH ní Ìbàdàn. Òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé wèrè ti kọjá lọ. Òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ ni Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù January ọdún 2023. Ẹnu ọ̀nà wọn kì í ṣe ohun ìtìjú mọ́.

Ní ọjọ́ kejì tí èsì náà jáde, ìyá wa ní kí a bá òun pe London. Ó bèèrè àlàáfíà ọkọ, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó bèèrè bóyá òtútù mú. A rò pé kò ní sọ ọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọn dágbére fún ara wọn, ó ní: “Ọmọ mi, ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, èmi náà ni mo sì wí èyí nísinsin yìí.” Àbúrò wa kò lè dáhùn, ìyá wa sì gbé fóònù náà fún wa.

Nígbà tí ó kan àwa, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún orúkọ tí a sọ ọ́. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, kí ilé mìíràn má baà sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. A sì ti kọ ọ́.